Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Lo Ọjọ́ Díẹ̀ ní Ìlú Vitoria-Gasteiz

Níbo ni Vitoria-Gasteiz wà, kí sì ni ìdí tí ó fi ń jẹ́ orúkọ méjì?

Vitoria-Gasteiz wà ní àríwá orílẹ̀-èdè Spéìn, lórí ilẹ̀ títẹ́jú kan tí òkè yí ká, ní agbègbè àwọn ènìyàn Basque. Òun ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Álava. Ibẹ̀ náà ni ìjọba Basque àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin rẹ̀ fi ṣe ibùjókòó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Bilbao àti Donostia (tí wọ́n tún ń pè ní San Sebastián), àwọn ìlú Basque méjì mìíràn, ni òkìkí wọn kàn jù lọ́dọ̀ àwọn àlejò. Àwọn tí ń gbé inú ìlú náà lé díẹ̀ ní 250,000.

Gasteiz ni orúkọ abúlé tí ó ti wà lórí òkè kékeré ibẹ̀ láti ayébáyé. Ní ọdún 1181, Sancho Kẹfà, ọba Navarre tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́gbọ́n, sọ abúlé náà di ìlú olódi, ó sì sọ ọ́ ní Nova Victoria. Orúkọ méjèèjì ni òfin so pọ̀ lónìí. Bí ẹ bá rí Vitoria lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ sì rí Gasteiz lára bọ́ọ̀sì, ìlú kan náà ni.

Ọjọ́ mélòó ni ó yẹ kí n yà sọ́tọ̀ fún un?

Ẹ má ṣe sun òru tí kò tó méjì níbẹ̀. Òru mẹ́ta ni ó tẹ́ni lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ àlejò a máa ti Bilbao wá ní òwúrọ̀, wọn a wo gbàgede ńlá, wọn a jẹun ọ̀sán, wọn a sì padà. Irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kì í fi ìlú yìí hàn bí ó ti rí gan-an, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni ojú rẹ̀ máa ń là, nígbà tí iṣẹ́ bá parí tí tọmọdé tàgbà sì tú jáde sí òpópónà láti rìn, láti kí ara wọn, àti láti fẹsẹ̀ kan dúró jẹ nǹkan kékeré ní ilé ọtí kan kí wọ́n tó kọjá sí òmíràn.

Ẹ lo ọjọ́ kìíní lórí òkè kékeré tí ìlú àtijọ́ wà, kí ẹ fi ọjọ́ kejì wo àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti igbó tí ó yí ìlú ká, kí ẹ sì fi ọjọ́ kẹta jáde sí àwọn ìlú ìtòsí bí àyè bá wà.

Ìgbà wo nínú ọdún ni ojú ọjọ́ dára jù?

Oṣù Karùn-ún, Oṣù Kẹfà àti Oṣù Kẹsàn-án ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti lọ. Ìlú náà ga tó bíi mítà 525 sí ojú òkun, nítorí náà alẹ́ ibẹ̀ a máa tutù àní nínú oṣù Kẹjọ pàápàá. Ní ìgbà òtútù, kùrukùru àti yìnyín kì í ṣe ohun àjèjì. Ẹni tí ó bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn ń bọ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀wù òtútù àti agbòjò dání nígbàkúùgbà tí ó bá fẹ́ lọ.

Báwo ni mo ṣe lè dé ibẹ̀?

Ìlú náà ní pápákọ̀ òfurufú tirẹ̀ ní Foronda, ṣùgbọ́n ẹrù ni ó ń gbé jù, ọkọ̀ èrò tí ó ń balẹ̀ síbẹ̀ kò pọ̀. Bilbao ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bà lé. Láti pápákọ̀ òfurufú Bilbao, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibùdókọ̀ ńlá tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní San Mamés. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti wọ bọ́ọ̀sì tí yóò gbé yín dé Vitoria-Gasteiz ní bíi wákàtí kan. Ẹni tí ó bá ti Èkó ń bọ̀ yóò ní láti pààrọ̀ ọkọ̀ òfurufú lọ́nà kí ó tó dé Bilbao.

Láti Madrid, ọkọ̀ ojú irin ń lọ tààrà, ìrìn náà sì tó bíi wákàtí mẹ́rin. Àǹfààní ọkọ̀ ojú irin ni pé ibùdó rẹ̀ wà láàárín ìlú: bí ẹ bá ti jáde, ẹ gba òpópónà Eduardo Dato, níbi tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í gbà, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀ òkè àtijọ́ ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibùdó bọ́ọ̀sì jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tráàmù wà nítòsí rẹ̀. Àwọn tí ń gbé Ìlú Ọba tí wọ́n sì fẹ́ gbé ọkọ̀ tiwọn dání lè wọ ọkọ̀ ojú omi láti Portsmouth sí Bilbao, bí wọ́n bá ṣe tán láti lo ju ọjọ́ kan gbáko lórí òkun.

Ṣé mo nílò físà?

Ẹni tí ó ní páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà, Bìnì tàbí Tógò nílò físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí Spéìn wà lára wọn. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, ó pẹ́ tán, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi í sílẹ̀ nígbà tí ìrìn-àjò bá ku ọjọ́ 15. Ẹ má jẹ́ kí ó di ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, nítorí kì í rọrùn láti rí ọjọ́ ìpàdé gbà. Wọn yóò béèrè ìwé ìbánigbófò tí ó lè san ó kéré tán 30,000 yúrò fún ìtọ́jú àìsàn, ẹ̀rí ibi tí ẹ óò sùn, àkọsílẹ̀ owó báǹkì, àti ẹ̀rí pé ẹ ní ohun tí yóò mú yín padà sílé.

Ìbéèrè tí ó máa ń rú àwọn ará wa tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston lójú ni ti ìwé ìgbélùú. Ìwé ìgbélùú Ìlú Ọba tàbí ti Amẹ́ríkà kò rọ́pò físà Schengen. Páspọ́ọ̀tù tí ẹ mú lọ́wọ́ ni wọn yóò wò, ibi tí ẹ ń gbé kàn ń pinnu ọ́fíìsì tí ẹ ó ti fi ìwé sílẹ̀ ni. Ẹni tí ó ní páspọ́ọ̀tù Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà tàbí Bràsíìlì kò nílò físà fún àbẹ̀wò tí kò ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé Paris tàbí Amsterdam ni ẹ óò kọ́kọ́ balẹ̀ sí, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé Spéìn ni ẹ óò ti sun òru tí ó pọ̀ jù, ọ́fíìsì Spéìn ni ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé sí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ti ń já nìyẹn.

Àdúgbò wo ni kí n dé sí?

Ẹ wá ilé ìtura láàárín ibùdó ọkọ̀ ojú irin àti gbàgede Virgen Blanca, ẹ kò ní nílò ọkọ̀ kankan. Inú ìlú àtijọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́wà láti sùn sí, àmọ́ ariwo ilé ọtí a máa pẹ́ níbẹ̀ ní òru Ọjọ́bọ̀ títí dé òru Sátidé. Ẹ mú páspọ́ọ̀tù yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń wọlé, nítorí òfin ní kí ilé ìtura kọ orúkọ gbogbo àlejò sílẹ̀.

Kí ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí n rí?

Kàtídírà Santa María ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lára odi ìlú, tí ó fi jẹ́ pé ilé àdúrà àti odi ààbò ni ó jẹ́ pọ̀. Bí àwọn ìran ṣe ń fi òkúta lé òkúta, ìpìlẹ̀ kò lè gbé ẹrù náà mọ́. Iṣẹ́ àtúnṣe kan tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1960 sì tún dá kún àìlera rẹ̀. Ní ọdún 1994 wọ́n ti í pa nítorí ewu.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́ di ibi tí kò lẹ́gbẹ́. Dípò kí wọ́n fi ilẹ̀kùn sé ara ìlú mọ́ ìta títí iṣẹ́ yóò fi parí, láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń jẹ́ kí àlejò wọlé wo iṣẹ́ náà bí ó ti ń lọ, wọ́n sì pè é ní «Abierto por obras», èyíinì ni pé iṣẹ́ ni ó mú kí á ṣílẹ̀kùn. Afinimọ̀nà ni yóò mú yín káàkiri, ẹ óò dé àṣíborí òṣìṣẹ́, ẹ óò sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìpìlẹ̀ níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí àmì ibùgbé tí ó ti wà láti ọ̀rúndún kẹjọ, ṣáájú kí ọba kankan tó fún ìlú ní orúkọ. Bí ẹ bá padà gòkè sínú ilé àdúrà, ẹ gbójú sókè dáadáa kí ẹ sì wo bí àwọn òpó ṣe fì sí ẹ̀gbẹ́ tí òkúta òrùlé sì wọ́ tẹ̀lé wọn. Ojú lásán rí i láìlo irinṣẹ́ kankan. Ẹnu yóò yà yín pé ó ṣì dúró.

Ẹ má ṣe gbé e fún kàtídírà titun, María Inmaculada, tí wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1907 tí wọ́n sì yà sí mímọ́ ní 1969. Ó tóbi, ó sì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ẹ̀sìn nínú, ṣùgbọ́n bí wákàtí yín kò bá pọ̀, ti àtijọ́ ni kí ẹ yàn.

Báwo ni kí n ṣe rìn ní ìlú àtijọ́ láìsọnù?

Ó ṣòro láti sọnù níbẹ̀. Orí òkè ni kàtídírà wà, àwọn òpópónà sì yí òkè náà ká ní ìpele-ìpele láti òkè dé ilẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ń gbé ibẹ̀ nígbà náà ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ́ títí di òní: Herrería jẹ́ ti àwọn alágbẹ̀dẹ, Cuchillería jẹ́ ti àwọn tí ń rọ ọ̀bẹ, Zapatería jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ bàtà, Correría sì jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ awọ. Ẹni tí ó bá mọ bí ilé àgbẹ̀dẹ àti ti ahunṣọ ṣe ń sọ àdúgbò lórúkọ nílé wa yóò mọ ìlú yìí lára kíá.

Ní Cuchillería, ẹ dúró ní iwájú Casa del Cordón, ilé tí Adrian ti Utrecht wà ní ọdún 1522 nígbà tí ìròyìn kàn án pé wọ́n ti yàn án ní Póòpù. Lójú òpópónà kan náà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàdì ayò ti Fournier wà, nínú ààfin Bendaña. Ìlú yìí ni Heraclio Fournier ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ káàdì ní ọdún 1868, àkójọ tí ó wà níbẹ̀ yóò sì fa àwọn ọmọdé mọ́ra ju bí ẹ ti rò lọ.

Lẹ́yìn ilé ìjọsìn San Miguel ni gbàgede Machete wà. Níbẹ̀ ni aṣojú àwọn ará ìlú ti máa ń fi ọwọ́ lé àdá búra láyé àtijọ́ pé òun yóò ṣe iṣẹ́ òun bí ó ti tọ́, bí òun bá sì dalẹ̀, kí àdá náà bẹ́ òun lórí. Ẹni tí baba rẹ̀ fi irin búra rí kò nílò kí á ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Kí ni ère ńlá tí ó wà láàárín gbàgede Virgen Blanca?

Ìrántí ogun Vitoria ni, ọdún 1917 ni wọ́n sì gbé e kalẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1813, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Pọtogí àti Spéìn lábẹ́ Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Joseph Bonaparte, ẹ̀gbọ́n Napoleon olú-ọba Faransé, ẹni tí Napoleon fi jọba lórí Spéìn, nítòsí ìlú yìí. Joseph sá lọ, ó fi ẹrù ààfin sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀gágun Álava, ọmọ bíbí ìlú náà, ni ó sáré dáàbò bo ìlú rẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun má baà kó o, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bu ọlá fún un títí di òní.

Àwọn tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù lè rí apá kejì ìtàn yìí láìwọ ọkọ̀ òfurufú: lára àwọn àwòrán tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Joseph lọ́jọ́ náà wà ní Apsley House, ilé Wellington, nítorí ọba Spéìn tí ó padà sórí ìtẹ́ fi wọ́n ta Wellington lọ́rẹ lẹ́yìn ogun.

Kí ni kí n jẹ, aago mélòó sì ni?

Aago ibẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ da àlejò láàmú. Oúnjẹ ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀, ó sì ń parí ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Oúnjẹ alẹ́ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ kí aago mẹ́jọ ààbọ̀ tó lù. Ní ọjọ́ iṣẹ́, ẹ béèrè «menú del día» ní ọ̀sán: oríṣi oúnjẹ méjì, búrẹ́dì, ohun mímu àti ìpanu aládùn, ní iye owó kan ṣoṣo. Owó kékeré tí yóò yó yín nìyẹn.

Ní alẹ́, «pintxo» ni gbogbo ayé ń jẹ. Orí káńtà ni wọ́n ń tò ó sí: búrẹ́dì kékeré tí ẹja, ẹyin, olú tàbí ẹran wà lórí rẹ̀. Ẹ jẹ ọ̀kan tàbí méjì, ẹ mu nǹkan kan, ẹ san owó, ẹ lọ sí ibòmíràn. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ ilé ọtí ń ta pintxo kan pẹ̀lú ohun mímu ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n sì ń pè é ní pintxo-pote. Bí ẹ bá lè ṣètò kí Ọjọ́bọ̀ bọ́ sáàárín ìbẹ̀wò yín, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó fẹ́ràn ìgbín yóò láyọ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, ọdún San Prudencio, nígbà tí ìgbín àti olú tí wọ́n ń pè ní perretxiko jẹ́ oúnjẹ ọjọ́ náà. Ìgbín wọn kéré sí tiwa púpọ̀.

Mùsùlùmí ni mí, mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, mi ò sì mu ọtí. Ṣé mo lè jẹun níbẹ̀?

Ẹ lè jẹun, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ máa béèrè. Jamón, chorizo àti txistorra, ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo wọn, wọ́n sì máa ń gé e wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ tí orúkọ rẹ̀ kò fi hàn pé ẹran wà níbẹ̀. Gbólóhùn tí ẹ nílò ni «No como cerdo», mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí ẹ dúró ti ẹja àti tortilla, ìyẹn ẹyin tí wọ́n fi pòtétò dín. Panla, tí wọ́n ń pè ní merluza, wà káàkiri, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sè.

Ní ti ohun mímu, ẹ béèrè «mosto», omi èso àjàrà tí kò tíì di ọtí. Ilé ọtí gbogbo ni ó ní i, inú ife kan náà tí àwọn yòókù fi ń mu wáìnì ni wọ́n sábà ń bu ú sí, kò sì sí ẹni tí yóò wò yín níwòkuwò.

Ṣé dandan ni kí n gbọ́ èdè Basque?

Rárá. Gbogbo ènìyàn ni ó gbọ́ èdè Spáníìṣì, òun náà ni ẹ ó sì gbọ́ jù ní ìgboro. Gẹ̀ẹ́sì wà ní ilé ìtura àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó ṣọ̀wọ́n ní ilé ọtí àdúgbò. Síbẹ̀, ẹ kọ́ «kaixo» fún ìkíni, «eskerrik asko» fún ìdúpẹ́ àti «agur» fún ó dàbọ̀. Èdè wọn kò bá èdè alààyè kankan tan, wọ́n sì ti jà fitafita kí ó má baà kú. Ẹni tí ó bá fi í kí wọn, wọn a gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ìyá mi àgbà ń bá mi lọ. Ṣé òkè náà kò ní pọ̀ jù fún un?

Kò ní pọ̀ jù. Ní Cantón de la Soledad àti Cantón de San Francisco Javier, wọ́n ṣe ọ̀nà alágbèérìn sí abẹ́ ìbòrí onígíláàsì, iná mànàmáná ni ó sì ń gbé ènìyàn gòkè. Lórí òkè, ilẹ̀ tẹ́jú, ìjókòó sì pọ̀. Ibi tí ó lè ni Màmá lára ni ìpìlẹ̀ kàtídírà. Nígbà tí ẹ bá ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ bí ara wọn ti rí.

Wọ́n ní ìlú náà gba oyè nítorí igbó. Ṣé ó yẹ kí n lo àkókò níbẹ̀?

Ó yẹ. Ní ọdún 2012 ni Vitoria-Gasteiz jẹ́ Olú Ìlú Aláwọ̀ Ewé ti Yúróòpù. Igbó, odò àti ọgbà ni wọ́n so pọ̀ yí ìlú ká. Ibi tí ẹ óò lọ ni Salburua ní ìlà-oòrùn, àbàtà tí wọ́n ti fà gbẹ tẹ́lẹ̀ nítorí oko, tí wọ́n sì tún dá omi padà sí. Ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀, àgbọ̀nrín ń jẹ̀ ní àárín omi àti koríko, ilé àlejò Ataria sì ní ibi ìdúró kan tí ó yọ síta lórí àbàtà náà. Kẹ̀kẹ́ ni ó dára jù láti fi lọ, nítorí ọ̀nà tẹ́jú.

Kí ni ìtàn ọgbà Judimendi?

Ibi ìsìnkú àwọn Júù ìlú náà ni tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1492, nígbà tí àwọn ọba Spéìn lé àwọn Júù jáde, àwọn tí ń gbé Vitoria fi ilẹ̀ náà lé ìgbìmọ̀ ìlú lọ́wọ́, ìgbìmọ̀ sì ṣèlérí pé a kò ní fi ọkọ́ kàn án, a kò sì ní kọ́lé sórí rẹ̀. Wọ́n pa àdéhùn yìí mọ́ títí di ọdún 1952, nígbà tí àwọn Júù Bayonne ní ilẹ̀ Faransé tú wọn sílẹ̀ nínú rẹ̀. Òkúta ìrántí wà níbẹ̀. Àwọn ìwé àlejò sábà máa ń fò ó. Ẹ má fò ó.

Ṣé kí n lọ ní àsìkò ọdún Virgen Blanca?

Ọjọ́ 4 sí 9 oṣù Kẹjọ ni ọdún náà. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 4, Celedón, ère àgbẹ̀ kan tí ó di agboòrùn mú, a máa fi okùn sọ̀ kalẹ̀ láti ilé agogo San Miguel kọjá lórí àìmọye èrò. Láti ọdún 1957 ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ràn èrò àti ìlù, ẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ ìtàn àti ìdákẹ́jẹ́ ni ẹ ń wá, tàbí bí ẹ bá mú ọmọ ọwọ́ dání, ẹ yàn ọ̀sẹ̀ mìíràn, nítorí ilé ìtura yóò wọ́n, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù yóò sì tì.

Ṣé Mọ́ńdè dára láti dé?

Kò dára tó. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń tì, Artium, ilé iṣẹ́ ọnà òde òní tí wọ́n ṣí ní 2002, sì wà lára wọn. Ṣọ́ọ̀bù tì ní Sọ́ńdè, àwọn kékeré sì ń tì láti aago méjì sí aago márùn-ún ní ọjọ́ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá dé ní Ọjọ́rú tí ó sì lọ ní Sátidé ni ó rí ojúlówó ìlú náà.

Ṣé mo lè lọ sí Laguardia àti àfonífojì iyọ̀ ti Añana láìní ọkọ̀?

Laguardia ṣeé ṣe, bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀. Ìlú olódi kékeré ni, láàárín oko àjàrà, ihò tí wọ́n ń tọ́jú wáìnì sí sì wà lábẹ́ ilé wọn. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn Santa María de los Reyes, tí àwọ̀ tí wọ́n kùn sára òkúta rẹ̀ ṣì ń dán.

Añana ni ó ṣòro. Omi tí ó ń sun níbẹ̀ ní iyọ̀ púpọ̀, wọ́n a sì fi ọ̀pọ́n igi darí rẹ̀ sórí àwọn pẹpẹ tí oòrùn ti ń fa á gbẹ títí iyọ̀ funfun yóò fi kù. Iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò pọ̀, ẹ kò sì lè so ibi méjèèjì pọ̀ ní ọjọ́ kan bí ẹ kò bá yá ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ lè rí, Añana ni èmi yóò yàn, àní bí ó bá gba kí á háyà takisí.

Òru mẹ́ta péré ni mo ní fún gbogbo ilẹ̀ Basque. Ṣé kí n pín in sí Bilbao, Donostia àti Vitoria-Gasteiz?

Ẹ má ṣe pín in sí mẹ́ta. Ojú ọ̀nà àti ẹnu ọ̀nà ilé ìtura ni ẹ óò ti lo gbogbo rẹ̀. Ẹ sun òru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Vitoria-Gasteiz, níbi tí ilé ìtura sábà máa ń pọ́ọ́kú ju ti Donostia lọ, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan wọ bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ lọ sí Bilbao. Ẹ wo aago bọ́ọ̀sì tí ó kẹ́yìn kí ẹ tó jáde, pàápàá ní Sọ́ńdè. Donostia nílò ọjọ́ tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.